Ẹni ọdún 27 ni mí, ikùn mi ti ń ṣíwájú mi wọlé

Atúnfóònùṣe: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbẹ́ Ọláìyá ni mo ti ń tún fóònù ṣe, orí àga ni mo máa ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Mi ò sanra: kílò 76 ni mí, apá mi tín-ín-rín, ẹsẹ̀ mi náà bẹ́ẹ̀. Ikùn nìkan ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ wọn aṣọ ẹbí, télọ̀ fa téèpù yí mi ká níbi ìdodo, ó ní ínǹṣì 39. Mo ní kó tún un wọ̀n. 39 náà ni.

Mo wá ní kí wọ́n bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru nílé oògùn kan, ó jẹ́ 136/88. Wọ́n ní àìsinmi ni. Àtọ̀gbẹ ló sì ń bá bàbá mi jà. Ìyá kan tó ń ta àgbo l'Ọ́jà Ọba ní ìgò mẹ́ta péré, ikùn á pẹlẹbẹ. Ṣé kí n rà á? Àbí mo ti ń dààmú ara mi ní kékeré?

Bàbá Alágbàdá: Ikùn owó nìyẹn! Jẹun rẹ jàre, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ìyá rẹ.

Nọ́ọ̀sì Òròkí: Bàbá, ẹ má bínú, ẹ má tan ọmọ yìí jẹ. Àbúrò, ọ̀rá tí èèyàn lè fi ìka méjì fà lábẹ́ awọ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Èyí tó kóra jọ sínú lọ́hùn-ún, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, òun ni. Kì í jókòó jẹ́ẹ́. Á máa tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á di ọlọ́ràá, ara ò sì ní í gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Ínsúlínì yìí ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti ń há, ara á máa ṣe ínsúlínì sí i, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rí bẹ́ẹ̀ láìsí pé ibì kankan ń dunni. Ìdí nìyẹn tí ẹni ọdún 27 fi ń rò pé kò sí nǹkan.

Ínǹṣì 37, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 94, ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ọkùnrin adúláwọ̀. Ti obìnrin ò ju 80 lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ náà ti ju 130/85 lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un wò lọ́jọ́ mìíràn, kí o kọ́kọ́ jókòó dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ ṣàyẹ̀wò ṣúgà láìtíì jẹun, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Télọ̀ Ìgbóná: Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí iṣẹ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á so ṣòkòtò sábẹ́ ikùn, wọ́n á ní 34 làwọn ń wọ̀. 34 wo? Tí mo bá gbé téèpù sókè, ó ti di 40. Ẹ má fi sáìsì ṣòkòtò tan ara yín. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé.

Ọmọ Òkè Baálẹ̀: Mo ra irú àgbo yẹn rí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sùn sí. Ikùn lọlẹ̀ lóòótọ́, lọ́jọ́ kẹta ó ti padà dé, omi ni mo yà dànù. Mínírà tí mo fi sílẹ̀ ló ràn mí lọ́wọ́. Ìgò kan lè ní ṣúgà tó ṣíbí tíì mẹ́jọ, méjì ni mo sì ń mu lóòjọ́. Mo wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Freedom Park láràárọ̀. Lóṣù mẹ́rin, ínǹṣì mẹ́ta kúrò, kílò mẹ́rin péré.

Atúnfóònùṣe: Ẹ ṣé. *Sit-up* ńkọ́? Ṣé kí n sì fi àmàlà sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òròkí: *Sit-up* á jẹ́ kí iṣan ikùn le, kò ní í yan ọ̀rá ibẹ̀ mú. Ta ló ní kí o fi àmàlà sílẹ̀? Dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i, má jẹ ẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ kí o tó lọ dùbúlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2002 fi hàn pé àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, tí wọ́n dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì ń rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn ni wọ́n ní kí wọ́n gbìyànjú láti dín kù. Tìrẹ á jẹ́ bíi kílò márùn-ún. Ìgò àgbo mẹ́ta kò lè ṣe ìyẹn.

Bàbá Alágbàdá: Nọ́ọ̀sì, ti èmi ńkọ́? 44 ni.

Nọ́ọ̀sì Òròkí: Ẹ̀yin náà, ẹ wá, sà.

Atúnfóònùṣe: Mo ti débẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣúgà jẹ́ 108. Wọ́n ní kò tíì di àtọ̀gbẹ, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti 126, àmọ́ ó yẹ kó wà lábẹ́ 100. Èsì ọ̀rá di ọ̀la. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Télọ̀ Ìgbóná: Aṣọ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì gé e. Ṣé kí n fi 39 rán an, àbí kí n dúró dè ọ́?