Ẹ̀yẹ fún aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ kí a pe orúkọ òun: ìrírí wa láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LGBTQ

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Michigan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ní ọdún 2019, nígbà tí mo ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń yan ẹni tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ aṣáájú láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LGBTQ, ìyẹn àwọn tó fẹ́ràn akọ tàbí abo bíi tiwọn àti àwọn tí kò ka ara wọn sí akọ tàbí abo tí a bí wọn sí. Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ń pè ní Lavender Graduation ni wọ́n máa ń fún ènìyàn ní àmì-ẹ̀yẹ náà. Fún ẹni tí kò bá mọ ayẹyẹ yìí, Yunifásítì Michigan tó wà ní Ann Arbor ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ronni Sanlo ni ó dá a sílẹ̀, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí òun alára débi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ tó bí, torí pé obìnrin bíi tirẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe é fún lọ́dún àkọ́kọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é: wọn a fi okùn ẹ̀yẹ aláwọ̀ lafẹ́ńdà (elésè àlùkò tó ṣí) sí ẹni tó ń jáde lọ́rùn, wọn a pe orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì pàtẹ́wọ́.

Orúkọ pípè yẹn gan-an ni ó fẹ́ kó wa sí wàhálà.

Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n fà kalẹ̀ fún wa. Èkíní ni ààrẹ ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí àwòrán rẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn ilé-ìwé. N kò rántí ohun púpọ̀ nípa èkejì mọ́, kí ó dárí jì mí. Ẹ̀kẹta ni ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, tí kò di ipò kankan mú, ṣùgbọ́n tí ènìyàn mọ́kànlá kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù wa ń béèrè ipò tí ènìyàn dì mú, iye ìpàdé tó darí, àti ibi tó ti sọ̀rọ̀ ní gbangba, gbogbo àyè wọ̀nyí ló sì ṣófo lórí tirẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kò ní àyè lórí fọ́ọ̀mù. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún 24, tí kò sì tíì ṣe ìgbéyàwó, kò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bí kò bá kọ iye tó ń wọlé fún àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀. Bí bàbá bá ti lé ọmọ jáde nílé nítorí irú ẹni tó jẹ́, ta ni yóò fún un ní ìwé owó-orí? Ọ̀nà àbáyọ wà, torí pé ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìrànwọ́ lè ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó dá dúró, bí ó bá lè mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́, àlùfáà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin yìí mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mowó. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó sì ń jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kọ ohun tí ojú wọn rí. Bí wọ́n bá ti ilé-ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ pa nígbà Kérésìmesì, òun ni ó ń wá ilé fún àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ń se ìrẹsì ìkòkò ńlá kan fún ẹni tó bá wá. Ìrẹsì náà ta, kí n má purọ́. Àwọn òyìnbó ń sunkún jẹ ẹ́ ni.

Alága wa béèrè pé ipò wo ni ó dì mú. Mo ní kí ó ka lẹ́tà kẹrin, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé bí kì í bá ṣe ọmọ yìí, òun ìbá ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti ọdún kejì. Ó kà á sókè, a dìbò, mẹ́rin sí ọ̀kan.

Nígbà tí mo lọ fún un ní ìròyìn ayọ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ mi." Ìwé ètò ayẹyẹ máa ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán pẹ̀lú. Díákónì ni bàbá rẹ̀, gbogbo wọn sì ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá ọdọọdún. Ẹ rántí òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2014, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo, tó sì fi ọdún 10 sí i fún ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀. Òfin yẹn kò dé Michigan, ṣùgbọ́n àwòrán a máa dé Abẹ́òkúta. N kò bi í léèrè rí bóyá òun náà wà lára wọn tàbí àánú ènìyàn ló ń ṣe é. Kò kàn mí, kò sì sí lórí fọ́ọ̀mù.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ yẹ́ ènìyàn sí: a ó pè é, a ó kì í, a ó kan baba tó bí i. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi gbà kí a kàn ní "akẹ́kọ̀ọ́ kan" kí a sì jókòó. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ àgbà fi ń kì í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àjọkẹ́." Kò sí nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, kò sí nínú ìwé ilé-ìwé, ìyá àgbà tó ti lọ nìkan ni ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ni mo pè lọ́jọ́ ayẹyẹ. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn rò pé orúkọ ìdílé rẹ̀ ni. Àwa méjì péré ni a mọ̀ pé ohun tí mo sọ ni pé gbogbo wa jọ ń kẹ́ ẹ ni.

Bàbá kan, Texas

Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ èyí. Ẹni ọdún 63 ni mí. Ọmọkùnrin mi jáde ní yunifásítì ìjọba kan níbí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SB 17, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún náà, ti fòpin sí àwọn ọ́fíìsì DEI, ìyẹn àwọn tó ń rí sí i pé onírúurú ènìyàn rí àyè àti ìdọ́gba, ní àwọn yunifásítì ìjọba, ilé-ìwé wọn kò sì náwó sí ayẹyẹ lafẹ́ńdà mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá owó láàárín ara wọn, wọ́n sì gba gbọ̀ngàn níta. Ọmọ mi ni ó ṣáájú ìdáwó náà, n kò mọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ni ó tó pè mí, tó ní, "Dádì, bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè wá."

Ìyá rẹ̀ kò lọ. Èmi lọ, n kò sì ní sọ pé inú mi dùn tán. Mo wọ agbádá, torí pé ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ ẹni kúkú ni. Nígbà tí wọ́n ń ka ohun tó ti ṣe láti ọdún méjì, n kò dá ẹyọ kan mọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dùn mí pé ẹnu àlejò ni mo ti gbọ́ iṣẹ́ ọmọ mi. Wọ́n ní kí òbí tó bá wá fi okùn ẹ̀yẹ náà sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, apá agbádá gbá àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un lulẹ̀, etí àmì-ẹ̀yẹ náà kan ṣẹ́. Ó wà ní pálọ̀ mi báyìí. Àlejò a máa béèrè ohun tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Nígbà mìíràn mo máa ń dáhùn.

Láti Minneapolis

Ẹ̀gbọ́n Michigan, n kò gbà pẹ̀lú yín tán. Ní Yunifásítì Minnesota tí mo ti kàwé, ní ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yan Jack Baker, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ní ààrẹ wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ti mọ̀ pé òun àti olólùfẹ́ rẹ̀, Michael McConnell, ti lọ béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́dún tó ṣáájú. Ó ya àwòrán ìpolongo tòun ti bàtà gogoro obìnrin lẹ́sẹ̀, wọ́n sì tún yàn án ní ọdún 1972. Ẹni tó ń du ipò kò lè fi orúkọ pamọ́. Wọ́n pe tèmi níbi ayẹyẹ lafẹ́ńdà ní ọdún 2016, lódindi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rí orúkọ Yorùbá lórí ìwé ètò náà, ó sì kọ̀wé sí mi lóru pé òun kò mọ̀ pé irú wa wà níbẹ̀.

Michigan, lẹ́ẹ̀kan sí i

Àbúrò, n kò lè jiyàn sí tiyín. Ẹni tó lè dúró kí ó dúró. Bàbá Texas, ẹ kú ọkàn.

Ohun kan wà tí n kò sọ. Wọ́n máa ń fín orúkọ ẹni tó bá gba ẹ̀yẹ sára pátákó idẹ lára ògiri. Ọkùnrin tó ń fín in tẹ̀ mí láago, ó ní ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kọ AJOKE, ṣé ẹ̀fẹ̀ ni a ń ṣe ni, torí pé bí ojú òyìnbó ṣe rí i nìyẹn. Mo ní orúkọ ènìyàn ni, ó ní àmì, mo sì ya á sórí ìwé fún un. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó fi ọwọ́ fín àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà náà. Ó gba dọ́là 15 lé e, mo san án. Gbogbo rẹ̀ pé, àfi àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó fì sí òdìkejì. Mo fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà wò ó, ó ní kí n fi sílẹ̀, pé bí àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe ń pè é láti ọjọ́ ayẹyẹ náà nìyẹn.