Bíà mi dúró sójú kan: ṣé kí n rọ ọ́ sígò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń pọn bíà nílé tipẹ́. Àkọ́kọ́ tèmi rèé. Ohun èlò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣe lítà 4.5 ni mo lò. Hydrometer, ohun tí a fi ń wọn bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ka 1.048 lọ́jọ́ tí mo da yíìsì sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ó hó débi pé ìfóòfó gùn dé ẹnu airlock, ìdérí tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Inú mi dùn gan-an. Lọ́jọ́ karùn-ún ló dákẹ́ lójijì. Òní ló pé ọjọ́ 12. Ní ìjẹta, 1.022. Lánàá, 1.022. Lónìí náà, bákan náà. Mo tọ́ ọ wò, ó ṣì dùn bí omi ṣúgà.

Mo ti gbé e kúrò níbi tó tutù, 16°C, lọ síbi tó tó 21°C. Mo sì rọra mi ike náà kí yíìsì tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ lè dìde. Pàbó ló já sí.

Ẹ̀rù ń bà mí kí ìgò má lọ bẹ́, bí yíìsì bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà tó kù di gáàsì nínú rẹ̀. Ṣé kí n da yíìsì tuntun sí i ni, àbí ibi tí mọ́ọ̀tì (ọkà tí a fi pọn ọ́n) inú rẹ̀ máa ń parí sí nìyí, tí mo lè rọ ọ́ sígò láìséwu?