"Àmì ìpolongo" àti "ìwòran ìpàdé": ìdí tí mo fi ní ká pààrọ̀ méjèèjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Mo ti ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ tán. Fún ẹni tí kò tíì rí i: ìwé ìléwọ́ kan ni, tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà láti la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀ lórí nǹkan méjì. Ọ̀kan ni òfin ìlú lórí ohun tí olùdíje lè gbé síta láti fi polongo ara rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí aráàlú ní láti lọ jókòó síbi tí ìgbìmọ̀ ìlú ti ń ṣèpàdé, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ń tú u sí Yorùbá kí àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí i kà. Wọ́n pe àkọ́kọ́ ní "àmì ìpolongo", wọ́n pe èkejì ní "ìwòran ìpàdé ìta gbangba", wọ́n sì ní ká sọ èrò wa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú "àmì" ná. Tí ọdún ìbò bá ti dé, ohun kan ṣoṣo ni "àmì" ń jẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa: àmì ẹgbẹ́. Agboòrùn ni àmì, ìgbálẹ̀ ni àmì. Ìyá tó ń ta ata l'Ákẹ̀sán lọ́dọ̀ yín á bi ọmọ rẹ̀ pé, "Àmì wo la ó tẹ̀ka sí?" Tí a bá wá kọ ọ́ pé "olùdíje gbọ́dọ̀ kó àmì rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìbò", ohun tí ìyá yẹn máa gbọ́ ni pé wọ́n ti gba àmì lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé fún wa kì í fi ohùn sórí ọ̀rọ̀. "Ami ipolongo" tí kò lóhùn lórí, ẹlòmíràn á kà á sí amí, ẹni tí wọ́n rán wá yọ́ wo ilé onílé. Mò ń padà bọ̀ sórí amí yìí, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ ìpàdé gan-an.

Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò dábàá "pátákó ìpolongo". Ó sàn jù, ṣùgbọ́n kò kárí. Ohun tó lẹ́sẹ̀, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n kàn mọ́ nǹkan, là ń pè ní pátákó. Ẹ wo ògiri ẹ̀gbẹ́ títì ní Táàkíẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí nígbà ìbò: pósítà lórí pósítà, ojú olùdíje kan ń yọ lábẹ́ ti èkejì níbi tí òjò ti bó bébà òkè, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n ti gbẹ funfun sára sìmẹ́ńtì. Tí ẹ bá gbójú sókè, bánà wà tí wọ́n so mọ́ òpó iná méjì, ó dábùú títì. Kò sí pátákó kankan nínú gbogbo ìyẹn. Bí òfin bá ní "pátákó", ẹni tó lẹ pósítà mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò á ní òun ò rú òfin, òótọ́ ló sì máa sọ.

Ohun tí mo mú wá ni "àfihàn ìpolongo". Ká túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé: pátákó, pósítà, bánà, àti àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri. Ọ̀rọ̀ náà á tún wúlò níbi ẹjọ́ Gilbert tó wà nínú ìwé yẹn, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti lo "àmì" fún ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Gilbert jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Arizona. Òfin wọn jẹ́ kí àfihàn òṣèlú wà níta láti 60 ọjọ́ ṣáájú ìbò abẹ́lé. Àfihàn èrò ọkàn ò ní gbèdéke ọjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ń júwe ọ̀nà ibi ìjọsìn ò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 12 ṣáájú ìsìn àti wákàtí 1 lẹ́yìn rẹ̀. Pásítọ̀ Clyde Reed, tí ìjọ rẹ̀ ò ní ilé tiwọn, pe ìlú lẹ́jọ́. Ní ọdún 2015, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá pásítọ̀ náà láre. Ìdí tí mẹ́fà nínú wọn fi sílẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n kọ sára àfihàn ló ń pinnu iye ọjọ́ tó lè fi wà níta. Ẹni tó bá ka "àmì, àmì, àmì" kò ní rí ibi tí ìjà wà.

Tiwa náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọmọ wa má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló lófin. Àtòjọ Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àkóso ìpolówó ìta gbangba sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú àkóso ṣọ́ọ̀bù àti ọtí títà. Abala 92 nínú Òfin Ìdìbò ti 2022 sì ní a kò gbọdọ̀ fi ilé ìjọsìn, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba polongo. Abala kan náà ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú má fi eégún polongo. Ní ìlú tí Alápìínni, olórí eégún, ti wà nínú Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn ò gbọdọ̀ sọnù nínú ìwé wa, "eégún" ni ká sì kọ, ká má fi ọ̀rọ̀ gígùn bò ó lójú.

Ó wá ku ìpàdé, òun ló ká mi lára jù. "Ìpàdé ìta gbangba" létí tiwa ni èyí tí wọ́n ń ṣe ní pápá, pẹ̀lú ìlù, fìlà àti ankara. Ìyẹn ni ìpolongo fúnra rẹ̀! "Ìpàdé gbogboogbò" tí ẹnìkan tún dábàá, bíi ti àwọn onílé àdúgbò ni: gbogbo ẹni tó bá wá ló lè nawọ́, ló lè dìbò. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìpàdé àwọn káńsẹ́lọ̀ ni, àwọn ló ni ín, àwọn ló ń dìbò níbẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ aráàlú. Ní California, Òfin Brown ti wà láti 1953: ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ lẹ ètò ìpàdé síta ní wákàtí 72 ṣáájú, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n sì fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀. Àwa ti ní òdìkejì rẹ̀ lẹ́nu tipẹ́. Oníròyìn wo ni kò tíì kọ "ìpàdé bòńkẹ́lẹ́" rí? Gbangba ni òdìkejì bòńkẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ "ìta" kúrò, kó jẹ́ "ìpàdé gbangba".

Ẹni tó lọ jókòó síbẹ̀ wá ńkọ́? Òǹwòran ni ẹni tó lọ wo bọ́ọ̀lù tàbí eégún. Tí ìran bá tán, ó lọlé, kò sẹ́ni tó ń retí ìjábọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Alámòójútó" fún un lágbára tí kò ní, torí alámòójútó lè dá iṣẹ́ dúró. Ẹnìkan fi òwe gbe "olùṣọ́" lẹ́sẹ̀, pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe náà bá a mu, ṣùgbọ́n olùṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọdẹ ni gbogbo ayé máa pè é. Ẹ sì rántí amí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kó ṣí ìwé, kó yọ bíró: ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ni "Ta ló rán ọ wá?" Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn fún un gbọ́dọ̀ lè dá a láre níbẹ̀, kó lè dìde sọ orúkọ ohun tó wá ṣe láìgbọ̀n.

"Olùwòye" ni mo fara mọ́. Wọ́n ń pe àwọn olùwòye ìbò bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Ẹ̀gbọ́n ní "ìwòye" ti di èrò ọkàn ẹni, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ League of Women Voters ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1920, ń sọ fún àwọn tó ń bá wọn lọ jókòó síbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má dá sọ́rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ká pe ohun tó bá kọ ní "ìjábọ̀", ká sì fi "ìwòye" sílẹ̀ fún àwọn aládàásí ìwé ìròyìn.

Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà, kí ojú ewé àkọ́kọ́ kà báyìí: "Ìwé yìí ṣàlàyé ibi tí olùdíje lè gbé àfihàn ìpolongo sí àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ kó o kúrò, àti bí aráàlú ṣe lè jẹ́ olùwòye níbi ìpàdé gbangba ìgbìmọ̀ ìlú." Tí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn lẹ́nu ju "àfihàn" lọ, kó mú un wá kí ìwé tó dọ́dọ̀ atẹ̀wé. "Olùwòye" ni n kò ní í fi sílẹ̀.