Èsì: Ta ló pe ẹ̀wù ní kókó-ọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí nítòsí lópin ọ̀sẹ̀: arákùnrin wa kan to àwọn ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn tó ń fi WordPress kọ búlọ́ọ̀gì, ó ní kí á bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ní alẹ́ Sátidé mo fi ìlà méjì péré dáhùn. Mo ní theme, ìyẹn ohun tó ń fún ìkànnì ní ìrísí, kì í ṣe “kókó-ọ̀rọ̀”, child theme, ìyẹn èyí tí a gbé lé theme mìíràn lórí, kì í sì í ṣe “ọmọ kókó-ọ̀rọ̀”. Mo ní kí á pe theme ní ẹ̀wù, kí á pe èyí tó wà nísàlẹ̀ ní àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí á sì pe èyí tí a wọ̀ lé e lórí ní àwọ̀lékè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú, èsì mọ́kànlá ti dé. Ẹnìkan tilẹ̀ béèrè pé ta ló fi mí joyè nínú èdè. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Kókó-ọ̀rọ̀ ni ohun tí olùkọ́ ń béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ewì tán: kí ni akéwì fẹ́ kí á mọ̀? Theme inú WordPress kò fẹ́ kí á mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ló ń wọ̀ láṣọ. Ẹ bọ́ ọ, ẹ wọ òmíràn, gbogbo ohun tí ẹ ti kọ láti ọdún mẹ́wàá ṣì wà níbẹ̀, gbólóhùn kan kò sọnù. Àwọ̀ ló yí padà, àti ìrísí lẹ́tà, àti ibi tí àwòrán jókòó sí. Ohun tí èèyàn ń wọ̀ tó sì ń bọ́, kí ni wọ́n ń pè é nílé yín?

Ẹni tó kọ “kókó-ọ̀rọ̀” síbẹ̀ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wo ìwé atúmọ̀-èdè, kò wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí slug, tó pè é ní “ìgbín”. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí i. Slug yìí, ọ̀rọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ni, orúkọ kúkúrú tí wọ́n fi ń mọ ìròyìn kan yàtọ̀ sí èkejì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú WordPress, òun ni ìkángun àdírẹ́sì ohun tí a kọ. Ìrù àdírẹ́sì ni mo ń pè é, kò sì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún tí kò yé.

Ìrù yìí gan-an ló yẹ kí ọkàn wa wà lára rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ ṣókí mẹ́ta lọ́jọ́ kan fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lóhùn èdè: “Ọkọ”, “Ọkọ́” àti “Ọkọ̀”. Mo tẹ̀ wọ́n jáde tẹ̀léra-tẹ̀léra. Nígbà tí mo wo àdírẹ́sì wọn, èkíní jẹ́ oko, èkejì jẹ́ oko-2, ẹ̀kẹta jẹ́ oko-3. WordPress ti bọ́ àmì ohùn dànù, ó bọ́ tó tó abẹ́ lẹ́tà dànù, ó wá fi nọ́ńbà ya ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ àti awakọ̀. Ká ní mo kọ ìkẹrin lórí oko tí wọ́n ń dá, oko-4 ni ì bá jẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìtẹ̀jáde, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ìrù náà: oko-iyawo, oko-iroko, oko-ayokele. Ẹ̀rọ kò ní bá yín rò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀wù.

Ọ̀gá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní àmì ohùn mi kò tọ́, ó ní “wọ aṣọ” là ń wí, ohùn àárín, ó sì tún un kọ fún mi ní “àwọlékè”. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo tẹríba, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín: “mo wọ ẹ̀wù”, àmọ́ “ẹ̀wù tí mo wọ̀”. “Mo ra ẹran”, àmọ́ “ẹran tí mo rà”. “Mo gba owó”, àmọ́ “owó tí mo gbà”. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ ló ń gbé wọn sókè díẹ̀. Nínú àwọ̀lékè, “lékè” ló tẹ̀ lé e, kì í ṣe àbọ̀, kò sì lágbára láti gbé e. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ fi ń jẹ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa. Ẹni kejì kọ ọ́ ní “awọ̀lékè”, tí a ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ohùn àárín. Ìyẹn burú jù. A-oníṣe ni ìyẹn: aránṣọ ló jókòó sídìí máṣíìnì, àránpọ̀ ló jáde lábẹ́ abẹ́rẹ́. Awọ̀lékè, bó bá wà rárá, á jẹ́ ẹni tó ń wọ̀ ọ́.

Ìyá wa kan láti Ìjẹ̀bú ní ìtìjú ni, pé pátá ni àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí n má gbé pátá sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá mi, mo gbọ́. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ lọ́jà, pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kó fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ télọ̀ ni mí. Òkè-Àdó, n’Ìbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, ẹsẹ̀ máṣíìnì wọn ni mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí oníbàárà bá wá dá agbádá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi í ni pé, “Ṣé ẹ ó dá àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn?” Bùbá tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ agbádá ni wọ́n ń bi í. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ọrùn bùbá ni wọ́n á kọ́kọ́ gé. Wọ́n ní ọrùn agbádá gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ, kí iṣẹ́ ọnà tó wà lọ́rùn bùbá lè yọjú. Ibi tí àwọ̀lékè kò bá bò, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò hàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni child theme. Ẹ dá fódà tuntun, ẹ fi fáìlì style.css kan sínú rẹ̀, lókè pátápátá ẹ kọ orúkọ ẹ̀wù yín, ẹ wá kọ “Template:” àti orúkọ fódà ẹ̀wù ìsàlẹ̀. Fáìlì àwòkọ́ṣe yòówù tí ẹ bá fi sínú fódà tuntun yìí ni WordPress yóò lò. Èyí tí ẹ kò fi síbẹ̀, yóò lọ mú ti ìsàlẹ̀ wá. Functions.php, fáìlì tí àwọn àṣẹ ẹ̀wù wà, nìkan ló yàtọ̀: méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, ti òkè ló sì ń ṣáájú. Bí àwọn tó ni ẹ̀wù ìsàlẹ̀ bá tún un rán, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní parẹ́.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa píparẹ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, inú style.css ẹ̀wù ìsàlẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ àyè àárín ìlà sí méjì-méjì, nítorí pé ìlà wọn há, ó sì ń gé tó tó abẹ́ ṣ àti ẹ jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo rí i pé ẹ̀dà ọ̀tun ẹ̀wù náà ti dé, mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ sùn. Ní àárọ̀, gbogbo “ẹ ṣé” tí mo fi kádìí ọ̀rọ̀ mi ti di “ẹ sé”, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹkàwé. Kò sí ẹni tí mo lè bá wí.

Arábìnrin wa láti Àjàṣẹ́ ló mú ọ̀rọ̀ tó dùn jù wá. Ó ní aṣọ kì í bímọ, ìlù ló ní ìyá: kí á pe ti ìsàlẹ̀ ní ìyáàlù, kí á pe tòkè ní omele. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò ó di òru. Ó sì tún bọ́ sí i: WordPress 5.0, tó jáde lọ́jọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 2018, “Bebo” ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ Bebo Valdés, olórin ọmọ Kúbà tó gbé bàtá wọ inú ẹgbẹ́ olórin ijó ní 1952, nínú ìlù tó pè ní batanga. Bàtá tiwa ni. Wọ́n gbé e kọjá òkun nínú ìyà, síbẹ̀ títí dòní Iyá ni àwọn ará Kúbà ń pe èyí tó tóbi jù, wọn kò fi Sípáníìṣì pa orúkọ rẹ̀ dà. Ṣùgbọ́n, arábìnrin mi, ìyáàlù ló ń darí, omele ló ń tẹ̀ lé e. Nínú WordPress, ọmọ ló ń bo ìyá mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń ṣẹ. Bí a bá pe é ní omele, onílù tó gbọ́ ọ máa ṣì wá gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tó mú mi yẹra fún un nìyẹn.

Àbúrò wa kan ní kí á má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé child theme ti di ohun àtijọ́ láti ìgbà tí WordPress 5.9 ti dé ní oṣù Kìíní 2022. Òtítọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀wù yín bá jẹ́ ti oní-búlọ́ọ̀kù (block theme), èyí tí a to láti ègé-ègé, ibi tí wọ́n kọ Styles sí ni ẹ ti lè yí àwọ̀, lẹ́tà àti àyè àárín ìlà padà. Inú àkójọ data ni àtúnṣe yẹn ń lọ, ọ̀tun kò lè fọwọ́ kàn án. Láti 6.5 ní oṣù Kẹrin 2024, ẹ tún lè gbé fónǹtì tó wù yín sínú rẹ̀ láìwá ẹ̀rọ àfikún. Fún àwa Yorùbá, ìyẹn ju ọ̀ṣọ́ lọ. Kò sí ẹ́ tó dá dúró nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ ni wọ́n kọ, wọ́n wá gbé àmì lé e lórí. Fónǹtì tí kò bá mọ ibi tí àmì ń jókòó sí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, á dà bí fìlà tó fẹ́ já bọ́. Noto Sans mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n àbúrò, ẹ̀wù àtijọ́ ṣì pọ̀ lára ìkànnì àwọn èèyàn wa, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn ti dá ìjà mìíràn sílẹ̀, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù ní àpólà ni ká lò, nítorí pé búlọ́ọ̀kù àti búlọ́ọ̀gì ń pa ara wọn lóhùn. Mo ní àwọn onígírámà ti gba àpólà. Wọ́n ní lọ́wọ́ agégi ni onígírámà ti yá a, ẹnikẹ́ni lè yá a. Mo ṣì dúró sórí búlọ́ọ̀kù: ìpínrọ̀ kan, àwòrán kan, àkọlé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ ń gbé sókè-sódò bí birikilà ṣe ń to tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó béèrè ipò mi, n kò lóyè kankan. Mo kàn ń rántí pé àwọn tó gbọ́ rédíò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò wá ìtumọ̀ “radio” kiri. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ ka a ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ohùn àárín, oníṣe. Àwọn àgbà yẹn kò lọ kọ́ mọfọ́lọ́jì níbì kankan.

Plugin, ìyẹn ẹ̀rọ àfikún, nìkan ni mo gbà láìjà. “Àfòmọ́” tí ẹ kọ dára, bí àwọn onígírámà tilẹ̀ máa pariwo. Àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ló bá tan. Plugin náà kò lè dá dúró, ara WordPress ló ń so mọ́, bó bá sì pọ̀ jù lórí igi kan, igi náà á rẹ̀.

Arákùnrin tó ni àtòjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ “kókó-ọ̀rọ̀” àti “ìgbín” kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ tún padà wo footer, tí ẹ pè ní “ẹlẹ́sẹ̀”. Tó tó kan péré ló kù kó di ẹlẹ́ṣẹ̀, àwọn fónǹtì tó ń ṣi tó tó gbé sì ń bẹ. Ìdí ojú-ìwé là ń pè é.