Báwo la ṣe ń fi kóòdù yí lẹ́tà inú JOptionPane (àpótí ìfiránṣẹ́ Java) padà?

Ọmọ Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Java 17 ni mo ń lò, lórí Windows elédè Faransé. Mo fi setFont sí gbogbo JLabel (ọ̀rọ̀ ojú fèrèsé), wọ́n gbọ́, àmọ́ JOptionPane kọ̀ jálẹ̀: lẹ́tà rẹ̀ kéré, «Ṣé» sì ń jáde bí «á¹¢Ã©». Fọ́ǹtì wo ni kí n lò?

Ará Àjàṣẹ́
Àìsàn méjì nìyẹn o. UIManager (ibi tí Java ń kó ètò ìrísí sí) ni JOptionPane ń bi léèrè fọ́ǹtì, kì í wo JLabel yín. Ẹ kọ eléyìí sínú main, kí àpótí kankan tó jáde:

```
Font f = new Font("Charis SIL", Font.PLAIN, 18);
UIManager.put("OptionPane.messageFont", f);
UIManager.put("OptionPane.buttonFont", f);
```

Ti òkè fún ọ̀rọ̀, ti ìsàlẹ̀ fún bọ́tìnnì. Àpótí tó ti wà lójú kò ní yí.

«á¹¢Ã©» kì í ṣe ẹjọ́ fọ́ǹtì rárá. UTF-8 (ọ̀nà kan láti fi lẹ́tà pamọ́ sí fáìlì) lẹ fi kọ fáìlì, javac (atúmọ̀ kóòdù Java) ń kà á bíi windows-1252, ọ̀nà mìíràn. JDK 18 (Java 18) ló sọ UTF-8 di àbáwáyé, ìyẹn ohun tó ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Ní 17, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un: `javac -encoding UTF-8 Main.java`.

Ìyá Kóòdù
Ẹ ṣọ́ orúkọ fọ́ǹtì yẹn. Bí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, Java kò ní pariwo, Dialog, fọ́ǹtì tirẹ̀, ló máa rọra lò. Ẹ di .ttf rẹ̀ (fáìlì fọ́ǹtì náà) mọ́ inú jar (àkójọ ètò yín):

```
Font f = Font.createFont(Font.TRUETYPE_FONT,
  Main.class.getResourceAsStream("/fonti.ttf")).deriveFont(18f);
```

(Ẹ fi try yí i ká.) 18f ni o, kì í ṣe 18! Ìwọ̀n 1 ni createFont ń bí, bí eruku. deriveFont(18) á gbà pé irú lẹ́tà (kíki tàbí títẹ̀) lẹ ń yí, ìwọ̀n á sì wà ní 1.

Lẹ́tà «ọ́» kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode (àkójọ nọ́ńbà gbogbo lẹ́tà): U+1ECD àti U+0301 ni. Ẹ̀yin tó ń kọ ɔ́ àti ɛ́ ti Bẹ̀nẹ̀ náà kò bọ́ níbẹ̀. Bí `f.canDisplayUpTo("ọ́ɛ́ṣ")` bá dá -1 padà, lẹ́tà wà. Bóyá àmì jókòó sórí wọn dáadáa, ojú ló ń rí ìyẹn.

Ọmọ Kétu
Ó ti ṣiṣẹ́, ẹ ṣé. «Oui» àti «Non» ńkọ́? Àti àkọlé òkè àpótí?

Ará Àjàṣẹ́
`UIManager.put("OptionPane.yesButtonText", "Bẹ́ẹ̀ni")`, kí ẹ fi noButtonText ṣe «Rárá». Àkọlé òkè, Windows ló ń kùn ún. messageFont kò dé ibẹ̀.