Kí ló ń hun ún? Ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀hun sitẹ́rọ́ìdì nínú ikọ́ fée

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ohun tí àwọn dókítà ń pè ní allergy: èèwọ̀ ara, àìbáramu àti ẹ̀hun. Bó bá jẹ́ eruku la ń sọ, èyíkéyìí lè ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá kan sitẹ́rọ́ìdì tí à ń fún ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma), ọ̀rọ̀ tí a bá yàn lè gba oògùn tó yẹ kó yọ ọ́ nínú ewu mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀hun ni mo fara mọ́.

Ẹ wo èèwọ̀ ná. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni. Ẹni tó bá ṣe é ló jẹ̀bi, kò sì sí ọjọ́ tí yóò parí. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ikọ́ fée bá le, sitẹ́rọ́ìdì ló ń mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀, ohun tó lè ṣe irú iṣẹ́ náà dípò rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Tí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé "èèwọ̀ rẹ̀ ni sitẹ́rọ́ìdì", dókítà tó bá kà á nígbà tí àìsàn náà tún dé yóò fà sẹ́yìn. Ó sì lè jẹ́ pé oríṣi kan ṣoṣo nínú ìdílé oògùn náà ló fa wàhálà, àwọn yòókù kò ṣe nǹkan kan. Àìbáramu ní tirẹ̀ tutù jù: bàtà tó há náà kò báni mu.

Hun ní àǹfààní kan tí àwọn méjèèjì kò ní. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ó sì ń wá ẹni tó ṣe é. Ẹ sọ pé "nǹkan ń hun mí", ẹni tó gbọ́ yóò bi yín pé kí ni nǹkan ọ̀hún. Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ oníṣègùn. Ẹni tó ní a lè ṣì í mú fún hun ti ahunṣọ, mo rò pé ó ń yọ wá lẹ́nu lásán ni; ta ló ń hun èèyàn bí aṣọ?

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè náà. Hydrocortisone àti methylprednisolone, sitẹ́rọ́ìdì méjì tí à ń fà sínú iṣan, ló sábà máa ń fa ẹ̀hun ojú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Wọn kì í yòrò dáadáa nínú omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so èròjà kan tó ń jẹ́ succinate mọ́ wọn. Nígbà mìíràn, succinate yìí ló ń hun aláìsàn. A ti rí èyí lára àwọn oníkọ́ fée tí aspirin náà ń hun. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, agbóògùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká máa pe èròjà tí kì í ṣe oògùn fúnra rẹ̀ àmọ́ tó gbé oògùn dúró. "Àfikún" ń jẹ́ kó dà bíi pé kò ṣe pàtàkì. Methylprednisolone 40 mg kan wà tí lactose (ṣúgà wàrà) inú rẹ̀ ti ara wàrà màlúù wá. Ní 2017, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí wọ́n má fi irú rẹ̀ tọ́jú ẹni tí wàrà ń hun. Wàrà ló ń hun onítọ̀hún, sitẹ́rọ́ìdì la ó sì di ẹ̀bi rù.

Ohun tó ń mú kó ṣòroó mọ̀ ni ìró fée yẹn gan-an tó fún àìsàn náà lórúkọ. Wọ́n fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ kí fée lè dákẹ́, fée pọ̀ sí i, wọ́n rò pé oògùn kò tó, wọ́n tún fi kún un. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan, tí ara ń yún tó sì sú, tí ètè tàbí ìpéǹpéjú wú, tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ẹ dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Mo dábàá ẹ̀hun pàjáwìrì fún èyí tó bá le. "Ẹ̀hun agbẹ̀mí" tí àwọn kan fẹ́ ń kéde òkú kó tó kú. Pàjáwìrì ń sọ pé kí a sáré. Oògùn rẹ̀ ni adrenaline, 0.5 mg fún àgbàlagbà, sínú ẹran itan lápá ìta, a sì lè tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 tí kò bá tíì rọlẹ̀.

Kí a má pe àtubọ̀tán oògùn ní ẹ̀hun o. ("Ipa ẹ̀gbẹ́" tí mo ń rí kiri, "side effect" Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni.) Ohùn híhá àti fúnfun tó ń bo ahọ́n ẹni tó ń lo ìnhélà kì í ṣe ẹ̀hun, kó fi omi yọ ẹnu, kó sì tu ú dànù. "Ojú rẹ̀ wú" náà ń tàn wá jẹ. Èyí tó di róbótó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí prednisolone (sitẹ́rọ́ìdì oníhóró), ọ̀rá ni. Èyí tó wú láàárín ìṣẹ́jú, ẹ̀hun ni.

Ẹ̀hun apẹ́yọ tún wà, tí awọ ara ń sú lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń lẹ sitẹ́rọ́ìdì bíi budesonide àti tixocortol mọ́ ẹ̀yìn fún ọjọ́ 2 láti dán an wò. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ yẹ ibẹ̀ wò ní nǹkan bí ọjọ́ 7, torí sitẹ́rọ́ìdì náà ń pa wíwú tó fúnra rẹ̀ fà mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Olè tó ń nu ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rí nìyí: "Hydrocortisone onísuccinate, 100 mg, sínú iṣan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10: ara sú, ètè wú, fée pọ̀ sí i. Prednisolone oníhóró kò hun ún."