Táyà wo ló yẹ Honda ST1300, afẹ́fẹ́ mélòó sì ni kí n máa fi sí i?

Arìnrìn-àjò Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ lórí ẹsẹ̀ alùpùpù mi. Honda ST1300 ni mo ń gùn, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ni mo sì ń tọ̀ jù, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyàwó mi lẹ́yìn àti ẹrù nínú àpótí méjèèjì. Àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, tiwájú sì ti ń di págunpàgun. Ẹnì kan tó ń ta táyà sọ fún mi pé òun ní tókúnbọ̀ tó ṣì dúdú dáadáa, pé kí n má wulẹ̀ náwó púpọ̀. Ní ti afẹ́fẹ́, fọkanáísà kan ń fi 32 psi sí i, èkejì sì ní 42 ni wọ́n kọ sára táyà, pé òun ni kí n tẹ̀ lé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Àgbà Ìpẹ̀rù

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká ti orí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá kéré, táyà tó wọ́n jù lọ lọ́jà kò ní wúlò fún yín. 42 tí ẹnì kejì sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ibi tó ti rí i ni kò tọ̀nà. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà jẹ́ ti ẹrù tó wúwo jù tí táyà náà lè gbé. Ẹni tó ṣe táyà kò mọ alùpùpù tí ẹ máa fi sí. Ẹni tó ṣe alùpùpù ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tó bá a wá: fún ST1300, 42 níwájú, 42 lẹ́yìn, èyí tí í ṣe 2.9 lórí géèjì tó ń fi bar kà. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Lórí Gold Wing 1800 tí èmi ń gùn, 36 ni Honda fẹ́ níwájú, 41 lẹ́yìn. Bí mo bá lọ ń ka ẹ̀gbẹ́ táyà, iwájú á le koránkorán, á sì máa ta lórí gbogbo gálọ́ọ̀pù tó wà láàárín Ìpẹ̀rù sí Ṣágámù.

32 yẹn gan-an ló léwu. Alùpùpù yín nìkan lé ní 300 kílò kí ẹ tó gùn ún, ká má tíì sọ ti ìyàwó àti ẹrù. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á sì máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ooru náà ló sì ń pa á láti inú kí ojú tó rí ohunkóhun níta. Págunpàgun tí ẹ rí níwájú yẹn, mo fura pé 32 lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù

Òótọ́ ni Bàbá wí. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ìgbà tó yẹ kí ẹ wọn ọ́n, nítorí 42 inú ìwé, ti táyà tútù ni, ìyẹn èyí tó ti wà nídùúró fún wákàtí 3 ó kéré tán, tí oòrùn kò sì pa. Bí ẹ bá gùn ún láti ilé dé ìsọ̀ fọkanáísà, ó ti gbóná, géèjì á sì kà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń fi géèjì ara mi wọn ọ́n nílé ní ìdájí. Ká ní ó ka 37, mo ti mọ̀ pé 5 ló dín. Tí mo bá dé ìsọ̀ tí géèjì mi wá ń ka 40 nítorí ooru, n kò ní ní kó fi 2 kún un. 5 náà ni kó fi kún un, kó di 45, tó bá tutù tán á padà sí 42. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà gbígbóná nítorí pé ó kà ju iye inú ìwé lọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé géèjì fọkanáísà, tó fi wọn ẹsẹ̀ tírélà láàárọ̀, tó tún fi wọn kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́sàn-án, tó sì ń jù sílẹ̀ gbàgà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá ń pààrọ̀ táyà, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi fááfù tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Àwo bíréèkì méjì ló wà níwájú, ẹnu rọ́bà fọkanáísà kì í sì í ráyè wọ àárín wọn. Tó bá ń fi tipátipá tì í, afẹ́fẹ́ tó ń jáde á ju èyí tó ń wọlé lọ.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Nígbà òjò, èmi máa ń dín tèmi kù sí 36 kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀ kó sì di ọ̀nà mú, pàápàá níbi tí àwọn tírélà ti máa ń da díísù sílẹ̀ lápá Ògèrè.

Àgbà Ìpẹ̀rù

Òdìkejì rẹ̀ ni, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ tó pé ló ń jẹ́ kí ìlà ara táyà ṣí sílẹ̀ kó lè lé omi jáde. Bí táyà bá rọ̀, àwọn ìlà náà á pa dé, ẹsẹ̀ á sì máa léfòó lórí omi. Ní ti díísù, kò gbọ́ ti afẹ́fẹ́. Ẹ rọra gùn ún kọjá.

Olùgbé Odògbólú

Ó ku táyà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n ti ST1300 ni 120/70ZR18 níwájú àti 170/60ZR17 lẹ́yìn. 18 tiwájú yẹn, ìyẹn ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì, ni yóò fún yín ní wàhálà, nítorí 17 ló pọ̀ lọ́jà, ẹni tó ń tajà sì lè máa rọ̀ yín pé kí ẹ mú un bẹ́ẹ̀. Kò lè jókòó sórí ríìmù yín láéláé. Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ wo nọ́ńbà ẹrù: 59W ti iwájú ń gbé 243 kílò, 72W ti ẹ̀yìn ń gbé 355, W sì dúró fún eré 270 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ má gba èyí tó kéré sí bẹ́ẹ̀.

Táyà ìrìn-àjò ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ìdíje, nítorí rọ́bà ti ìdíje rọ̀ débi pé ọ̀nà tààrà bíi ti Benin á jẹ àárín rẹ̀ tán kíákíá. Ọ̀pọ̀ táyà ìrìn-àjò ní rọ́bà líle láàárín, wọ́n sì ní èyí tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún kọ́nà. Metzeler Roadtec 01 dára, ó sì wà ní ìwọ̀n yín méjèèjì. Ṣùgbọ́n Michelin Pilot Road 4 ní irú kan tí wọ́n ń pè ní GT, tí wọ́n ṣe ara rẹ̀ le nítorí àwọn alùpùpù wúwo. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń gbé ìyàwó àti àpótí méjì, òun ni mo máa wá kiri. Èyí tó bá wù kí ẹ rí, ẹ ra tiwájú àti tẹ̀yìn ní oríṣi kan náà, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn pọ̀.

Tókúnbọ̀ kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Dídúdú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, nítorí wọ́n lè fi nǹkan kùn ún. Ẹ wá DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ ka nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni déètì yẹn sábà máa ń wà, nítorí náà ẹ yí táyà padà tí ẹ kò bá rí i. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri ni ẹ kọ́kọ́ wò. Michelin ní kí onímọ̀ máa yẹ táyà wò lọ́dọọdún lẹ́yìn tó bá ti lo ọdún 5, kí a sì yọ ọ́ kúrò tó bá pé 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Pẹ̀lú oòrùn wa, èmi kì í dúró dè é.

Arìnrìn-àjò Òde

Mo dúpẹ́ gan-an, Bàbá, Àǹtí, àti ẹ̀yin tó kù. Mo ti gbé géèjì tuntun sílé, GT sì ni mo máa wá. Ìbéèrè kan ló kù: bí ìṣó bá wọ̀ ọ́ lọ́nà Ajébándélé ńkọ́, ṣé kí n ní kí wọ́n fi tiyúbù sí i?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù

Rárá o, kò ní tiyúbù. Ẹ gbé ohun tí wọ́n fi ń dí ihò láti ìta dání, pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré, kí ẹ fi dé ilé pẹ̀lú eré tó níwọ̀n. Tí ẹ bá dé, ẹ ní kí wọ́n tú táyà náà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti inú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni ìṣó gbà wọlé, táyà yẹn ti parí nìyẹn. Ẹ rántí pé ara táyà tuntun máa ń yọ̀, kí ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà títí tí ẹ ó fi gùn ún tó nǹkan bíi 160 kìlómítà. Kí wọ́n sì tó fẹ́ ẹ, ẹ yẹ àmì ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá apá ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí.